Owó-Ìlú àti Ilé-Ẹ̀kọ́ Ìlú: Ta Ni Yóò San Án?

Ọ̀rọ̀ kan ń lọ, ó ń bọ̀, láàárín ìlú Ìjẹ̀bú-Igbó wa yìí, láti Atikori títí dé àwọn àdúgbò yòókù, kò sì yẹ kí á máa sọ ọ́ lábẹ́lẹ̀ nìkan. Ọ̀rọ̀ náà nìyí: ó ha yẹ kí á fi owó-ìlú kún owó tí à ń ná lórí àwọn ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba tí ó wà láàárín ìlú, àwọn tí tọmọdé tàgbà mọ̀ pé wọn kò rí bí wọ́n ti yẹ kí wọ́n rí mọ́? Tàbí kí á fi wọ́n sílẹ̀, kí olúkúlùkù máa fi owó ara rẹ̀ ra ẹ̀kọ́ fún ọmọ rẹ̀ bí ẹni ń ra aṣọ ọdún?

Kí á tó dáhùn, ó tọ́ kí á gbọ́ tẹnu àwọn oníṣòwò wa, nítorí pé wọn kì í ṣe aláìmòye. Ní ọjọ́ ọjà kan, a ń bá ìyá kan tí ó ń ta aṣọ sọ̀rọ̀ yìí, ó sì dá wa lóhùn pé: “Bàbá Akọ̀wé, ẹ má bínú o. Mo ń san owó ìsọ̀, mo ń san owó ọjà, àwọn tí ń já tíkẹ́ẹ̀tì kì í sì í jẹ́ kí n sinmi. Ọmọ mẹ́ta ni mo ní ní ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni, èmi nìkan ni mo ń san owó wọn. Ṣé ẹ tún fẹ́ kí n máa san ti ọmọ ẹlòmíràn ni?” A kò rí èsì fún un lójú ẹsẹ̀. A kí i pé ó kú ọjà, a sì bá tiwa lọ. Ṣùgbọ́n ìbéèrè rẹ̀ bá wa délé, òun ni ó sì mú wa mú kálàmù lónìí.

Nígbà òjò tí ó kọjá, iṣẹ́ gbé wa dé ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan tí a kò ní dárúkọ rẹ̀, nítorí pé òun nìkan kọ́ ni ó rí bẹ́ẹ̀. Ilé náà gùn gbọọrọ, kò sí ògiri láàárín kíláàsì kẹta àti ìkẹrin. Olùkọ́ kan ṣoṣo, arábìnrin kan tí ọjọ́ orí rẹ̀ kò kéré, ni ó dúró láàárín méjèèjì. Bí ó bá kọjú sí apá ọ̀tún, àwọn ti apá òsì a máa ṣeré. Bí ó bá yí padà, àwọn ti ọ̀tún a bẹ̀rẹ̀. Ẹfun tí ó fi ń kọ ìwé, òun ni ó fi owó ara rẹ̀ rà á. Nígbà tí ó ṣe, òjò bẹ̀rẹ̀. Ilé náà kò ní àjà, ariwo òjò lórí páànù sì gba gbogbo rẹ̀. Arábìnrin yìí kígbe títí ohùn rẹ̀ fi há. Nígbà tí ó rí i pé kò sí ẹni tí ó gbọ́ òun mọ́, ó kọ ìṣirò mẹ́ta sára pátákó, ó sì jókòó. Àwọn ọmọ tí ó wà lábẹ́ ibi tí páànù ti lu dìde, wọ́n gbé bẹ́ǹṣì wọn lọ sí apá kejì láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni sọ fún wọn. Ó ti mọ́ wọn lára. Èyí ni ó dùn wá jù nínú gbogbo ohun tí a rí: pé ó ti mọ́ wọn lára.

A kò gbọdọ̀ parọ́ fún yín, ẹ̀yin òǹkàwé wa. Àbíkẹ́yìn wa pàápàá ń lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni. A yọ ọ́ kúrò ní ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba nígbà tí ó lo ọdún méjì gbáko níbẹ̀ tí kò sì lè ka orúkọ ara rẹ̀. Nítorí náà, bí ìyá aláṣọ ti ń san owó lẹ́ẹ̀mejì, bẹ́ẹ̀ ni àwa náà. Ṣùgbọ́n ọmọ bàbá tí ó ń bá wa fọ aṣọ wà nínú kíláàsì kan náà pẹ̀lú ọmọ wa nígbà náà, òun kò sì kúrò níbẹ̀, nítorí pé bàbá rẹ̀ kò ní ohun tí yóò fi yọ ọ́. Ọjọ́ tí a mú ọmọ wa lọ, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó juwọ́ sí i. Láti ọjọ́ náà ni a ti mọ̀ pé ohun tí a ṣe yẹn gba ọmọ kan là, kò sì tún ilé-ẹ̀kọ́ ṣe.

Wàyí o, kì í ṣe òní, kì í ṣe àná, ni ọ̀rọ̀ owó-ìlú àti ilé-ẹ̀kọ́ ti bẹ̀rẹ̀ ní ilẹ̀ wa. Ní 1877 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní Èkó bẹ̀rẹ̀ sí fún àwọn ìjọ mẹ́ta, èyíinì ni C.M.S., Wesley àti Àgùdà, ní £200 lọ́dọọdún fún ilé-ẹ̀kọ́ wọn. Ní 1887 ni wọ́n sì ṣe òfin ẹ̀kọ́ tí ó jẹ́ ti Èkó nìkan. Owó náà kò tó nǹkan. Àwọn òbí àti àwọn ọmọ ìjọ ni ó ru èyí tí ó pọ̀ jù nínú ẹrù náà. Ní ti àwa Ìjẹ̀bú, lẹ́yìn tí ogun 1892 ti ṣí ọ̀nà ilẹ̀ wa sílẹ̀, a kò fi ọ̀rọ̀ ìwé ṣeré. Ilé-ẹ̀kọ́ Gírámà Ìjẹ̀bú-Òde bẹ̀rẹ̀ ní 1913. Ní 1949 ni Kọ́lẹ́ẹ̀jì Mólúsì bẹ̀rẹ̀ ní Ìjẹ̀bú-Igbó níhìn-ín, Olóyè S. O. Awókọ̀yà, ọmọ Awa tí kò jìnnà sí wa, ni ó sì jẹ́ ọ̀gá àkọ́kọ́ níbẹ̀.

Kí á dúró díẹ̀ lórí ọkùnrin yìí, nítorí pé láti ọ̀dọ̀ wa ni ó ti lọ. Nígbà tí ó di Mínísítà Ẹ̀kọ́ ní Ìwọ̀-Oòrùn lábẹ́ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, òun ni ó gbé ètò kan ka iwájú ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní oṣù Keje 1952, pé kí gbogbo ọmọ tí ó bá tó ọjọ́ orí ilé-ẹ̀kọ́ máa kàwé láìsan kọ́bọ̀. Ní ọjọ́ 17 oṣù Kìíní 1955 ni ètò náà bẹ̀rẹ̀. Àwọn ọmọ tí ó wà ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní 1954 jẹ́ bí 457,000. Ní 1955 wọ́n ju 811,000 lọ. Ọ̀pọ̀ àwọn bàbá àti ìyá àgbà tí ẹ ń rí ní ilé ìjọsìn àti mọ́ṣáláṣí lónìí tí wọ́n ń fi ojú ara wọn ka ìwé, ọmọ ètò yìí ni wọ́n. Ẹni tí ó wọlé ní ọmọ ọdún mẹ́fà ní ọdún náà ti lé ní àádọ́rin ọdún.

Ṣùgbọ́n níbo ni owó náà ti wá? Ẹ jẹ́ kí á rántí, nítorí pé àwọn kan ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé ojú ọ̀run ni ó ti já bọ́. Ìjọba bu owó kún owó-orí, ó lé ní ṣílè mẹ́wàá lórí ẹni kọ̀ọ̀kan tí ó ń san owó-orí, fún ẹ̀kọ́ àti ìlera. Ariwo ta. Àwọn àgbẹ̀ bínú, àwọn oníṣòwò bínú, ìbéèrè tí wọ́n sì bi ìjọba nígbà náà kò yàtọ̀ sí èyí tí ìyá aláṣọ bi wá ní ọjà. Nígbà tí ìbò ìjọba àpapọ̀ ti 1954 dé, ẹgbẹ́ N.C.N.C. borí ẹgbẹ́ Action Group ní Ìwọ̀-Oòrùn gan-an, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì sọ pé owó-orí náà wà lára ohun tí ó fà á. Síbẹ̀, wọn kò dá ètò náà dúró. Ọdún tí ó tẹ̀lé e ni ilẹ̀kùn ilé-ẹ̀kọ́ ṣí. Ohun tí a fẹ́ kí ẹ mú dání nínú ìtàn yìí ni pé àwọn baba wa kò fẹ́ràn owó-orí jù wá lọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n fi ojú rí ilé-ẹ̀kọ́ tí owó náà kọ́, tí wọ́n sì rí ọmọ wọn tí ń jáde níbẹ̀ pẹ̀lú síléètì lọ́wọ́, inú wọn rọ̀.

Kí á sọ òtítọ́ náà dé òpin, ìtàn 1955 kò dùn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé ìparí. Àwọn ọmọ pọ̀ ju olùkọ́ lọ. Àwọn tí a kó wọlé láti kọ́ wọn, púpọ̀ nínú wọn ni kò tíì kọ́ iṣẹ́ olùkọ́. Ọmọ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní ìwé mẹ́fà tàbí ilé-ẹ̀kọ́ Módà ni ó ń kọ́ ọmọ ìwé kìíní. Nígbà tí yóò fi di 1960, ìkùnsínú ti pọ̀ nípa ipò tí ẹ̀kọ́ wà, ìjọba sì yan ìgbìmọ̀ kan tí Kánọ́ọ̀nù S. A. Banjo ṣe alága rẹ̀ láti wádìí ọ̀ràn náà. Ọ̀rọ̀ olùkọ́ tí kò kọ́ iṣẹ́ rẹ̀ wà lára ohun tí wọ́n tẹnu mọ́. Nítorí náà, ẹni tí ó bá wí pé owó nìkan kò tó, kò parọ́.

Ohun kan náà ni ó ṣẹlẹ̀ ní òkè òkun. Ní ìlú Kansas City ní Amẹ́ríkà, láti 1985 lọ, adájọ́ kan pàṣẹ pé kí wọ́n ná owó rẹpẹtẹ lórí àwọn ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba tí ó wà láàárín ìlú, níbi tí ọmọ àwọn aláwọ̀ dúdú pọ̀ sí. Láàárín nǹkan bí ọdún méjìlá, owó náà fẹ́rẹ̀ẹ́ tó bílíọ̀nù dọ́là méjì. Wọ́n kọ́ ilé tuntun, wọ́n gbẹ́ odò ìwẹ̀ ńlá, wọ́n ra ẹ̀rọ lóríṣiríṣi. Èsì ìdánwò àwọn ọmọ kò gòkè bí wọ́n ti retí. Láti ìgbà náà ni àwọn tí kò fẹ́ kí ìjọba náwó lórí ilé-ẹ̀kọ́ ti ń fi Kansas City pa òwe.

Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe jẹ́ kí wọ́n fi apá kan ìtàn bò yín lójú. Ní 2016, àwọn onímọ̀ ọrọ̀-ajé mẹ́ta ní Amẹ́ríkà kan náà, Jackson, Johnson àti Persico, tẹ ìwádìí kan jáde lórí àwọn ọmọ tí ilé-ẹ̀kọ́ wọn rí owó gbà sí i nípa àṣẹ ilé-ẹjọ́. Wọ́n tọ ipa àwọn ọmọ náà títí wọ́n fi dàgbà. Wọ́n rí i pé bí a bá fi ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún kún owó tí à ń ná lórí ọmọ kan lọ́dọọdún fún ọdún méjìlá tí ó fi wà ní ilé-ẹ̀kọ́, owó iṣẹ́ rẹ̀ nígbà tí ó bá dàgbà a máa fi nǹkan bí ìdá méje nínú ọgọ́rùn-ún ga sí i. Ti ọmọ tálákà sì ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kí ni wọ́n fi owó náà ṣe? Wọ́n dín iye ọmọ tí ó wà lọ́wọ́ olùkọ́ kan kù, wọ́n fi kún owó oṣù olùkọ́, wọ́n sì fi kún ọjọ́ tí ọmọ ń lò ní ilé-ẹ̀kọ́. Ẹ wò ó: odò ìwẹ̀ kọ́, olùkọ́ ni. Owó tí ó lọ sí ọwọ́ olùkọ́ rere so èso. Owó tí ó lọ sí ara ògiri nìkan dúró sí ara ògiri.

Àwọn aládùúgbò wa ní Gánà náà kọ́ wa lẹ́kọ̀ọ́. Ní oṣù Kẹsàn-án 2017 ni wọ́n sọ ilé-ẹ̀kọ́ gírámà àgbà wọn di ọ̀fẹ́. Àwọn ọmọ rọ́ wọlé tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé ní 2018 ìjọba ní láti pín wọn sí ọ̀wọ́ méjì, kí àwọn kan máa wà nílé nígbà tí àwọn yòókù bá wà ní kíláàsì. Ìlérí dára, ṣùgbọ́n ẹni tí yóò pe àlejò sílé ni ó yẹ kí ó kọ́kọ́ ka ẹní rẹ̀.

Àtakò kejì ni èyí tí ó wà lẹ́nu gbogbo ènìyàn, tí a kò sì lè fi ọwọ́ rọ́ sẹ́yìn: “Bí a bá san án, wọn yóò jẹ ẹ́.” Ẹni tí ó ti gbé ní ìlú yìí fún ogún ọdún tí kò sọ bẹ́ẹ̀ rí, kí ó gbé ọwọ́ rẹ̀ sókè. Kí ni a ó wí sí èyí? Ẹ jẹ́ kí á lọ sí Yuganda. Láàárín 1991 àti 1995, ìjọba ibẹ̀ ń fi owó ìrànwọ́ ránṣẹ́ sí àwọn ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, yàtọ̀ sí owó oṣù olùkọ́. Nígbà tí àwọn olùwádìí tọ ipa owó náà láti olú-ìlú dé ẹnu ọ̀nà ilé-ẹ̀kọ́, wọ́n rí i pé nínú ọgọ́rùn-ún ṣílè tí ó jáde, nǹkan bí mẹ́tàlá péré ni ó délé. Àwọn aláṣẹ agbègbè ni ó gbé ìyókù gba ibòmíràn. Kí ni ìjọba ṣe? Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí tẹ iye owó tí wọ́n fi ránṣẹ́ sínú ìwé ìròyìn, wọ́n sì ní kí ilé-ẹ̀kọ́ kọ ọ́ mọ́ ara ògiri níbi tí àwọn òbí yóò ti máa rí i. Nígbà tí yóò fi di 2001, ó ju ọgọ́rin lọ nínú ọgọ́rùn-ún tí ó ń dé ilé-ẹ̀kọ́. A kì í pọn omi sínú ajere, òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n ihò ara ìkòkò kì í ṣe ìdí tí ó fi yẹ kí òǹgbẹ pa ọmọ. Kí á dí ihò náà ni ó yẹ. Ohun tí ó sì dí ti Yuganda kò ju ìwé ìròyìn àti ojú òbí lọ.

Ẹ jẹ́ kí á padà wálé wàyí, kí á wo ohun tí òfin tiwa wí. Ìwé òfin ilẹ̀ Nàìjíríà ti 1999, ní ìpín kejìdínlógún, sọ pé ìjọba yóò pèsè ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ọ̀fẹ́ nígbà tí ó bá ṣeé ṣe. Ẹ kíyè sí gbólóhùn ìkẹyìn yẹn: “nígbà tí ó bá ṣeé ṣe.” Gbèsè tí a bá dá ọjọ́ ìsanwó rẹ̀ sí ìgbà tí ó bá rọrùn fún ẹni tí ó jẹ ẹ́, ẹ̀yin oníṣòwò mọ bí ó ti ń rí. Òfin ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ ti 2004 ni ó gbé ọ̀rọ̀ náà síwájú díẹ̀: ó ní kí ẹ̀kọ́ ọdún mẹ́sàn-án àkọ́kọ́ jẹ́ ọ̀fẹ́ àti dandan, kí ìjọba àpapọ̀ sì máa yọ ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún owó àpò rẹ̀ sọ́tọ̀ fún un. Ìpínlẹ̀ tí ó bá fẹ́ gba nínú owó ìrànwọ́ yìí gbọ́dọ̀ mú ti ara rẹ̀ wá kún un. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni owó náà sì ti jókòó ní Àbújá tí ìpínlẹ̀ kan tàbí òmíràn kò lè gbà á, nítorí pé wọn kò mú ti ọwọ́ wọn wá. Ìyẹn ni pé páànù ń lu lórí ọmọ, owó páànù sì wà nínú àpótí.

Ohun kan tún wà tí kò yẹ kí á gbójú fò. Ní 1993 ni ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí gba owó-orí ẹ̀kọ́ lọ́wọ́ àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá, inú rẹ̀ ni ilé-ẹ̀kọ́ kékeré àti ńlá sì ti ń jẹ nígbà náà. Ní 2011 wọ́n yí òfin náà padà, owó náà sì di ti yunifásítì àti àwọn ilé-ẹ̀kọ́ gíga bíi tirẹ̀ nìkan. A kò kórìíra yunifásítì. Ọ̀kan wà ní Ago-Ìwòyè nítòsí wa láti 1982, ó sì ti ṣe agbègbè wa ní oore. Ṣùgbọ́n ta ni yóò wọ yunifásítì bí ọmọ kíláàsì kẹta kò bá lè kàwé? Ẹni tí ń kọ́ òkè ilé tí kò náání ìpìlẹ̀, ẹ̀fúùfù ni yóò bá a parí iṣẹ́.

Ọ̀rọ̀ tí ó kan àwa ará Ìjẹ̀bú-Igbó gbọ̀ngbọ̀n ni ìdájọ́ tí Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ ṣe ní ọjọ́ 11 oṣù Keje 2024. Ilé-ẹjọ́ náà wí pé owó tí ó tọ́ sí ìjọba ìbílẹ̀ láti inú àpò gbogbo-gbòò kò gbọdọ̀ dúró lọ́wọ́ gómìnà mọ́, ọwọ́ ìjọba ìbílẹ̀ fúnra rẹ̀ ni kí ó máa bọ́ sí. Ọ̀pọ̀ ènìyàn yọ̀, àwa náà yọ̀. Ṣùgbọ́n kí á má ṣe gbàgbé pé ìwé òfin kan náà fi ọ̀ràn ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lé ìjọba ìbílẹ̀ lọ́wọ́, pé kí wọ́n bá ìpínlẹ̀ gbé e. Àwọn olùkọ́ tí ó dàgbà rántí ọdún tí owó oṣù wọn ń pẹ́ kí ó tó dé nígbà tí kánsù ń san án, ẹ̀rù sì bà wọ́n nígbà tí wọ́n gbọ́ ìdájọ́ yìí. Ẹ̀rù wọn kì í ṣe asán. Owó tí ó bá dé ọwọ́ kánsù láìsí ẹni tí ó ń ṣọ́ ọ, ó lè di ti ọkọ̀ tuntun kí ó tó di ti ẹfun àti pátákó.

Síbẹ̀, àǹfààní ńlá wà nínú rẹ̀ fún wa. Ìjẹ̀bú-Igbó ni olú ìlú Ìjọba Ìbílẹ̀ Àríwá Ìjẹ̀bú. A kò ní láti wọ ọkọ̀ lọ sí Abẹ́òkúta tàbí Àbújá kí á tó béèrè ibi tí owó ilé-ẹ̀kọ́ wà. Láti Atikori, ẹsẹ̀ ni a ó fi rìn dé sẹkitéríàtì. Ẹni tí ó wà níbẹ̀, a mọ ilé bàbá rẹ̀, a mọ ìyá tí ó bí i. Bí a kò bá wá béèrè, ẹ̀bi náà kò sí lọ́rùn Àbújá mọ́.

Nísinsìnyí ni a lè dá ìyá aláṣọ lóhùn. Ìyá wa, ẹ̀yin kọ́ ni ẹ nìkan ń san owó-ìlú. Bàbá tí ń fọ aṣọ, tí ọmọ rẹ̀ wà lábẹ́ páànù tí ó lu, òun náà ń san án. Lórí ọ̀pọ̀ ọjà tí ó ti ilé-iṣẹ́ ńlá jáde ni owó-orí ọjà wà, wọ́n sì sọ ọ́ di náírà méje àbọ̀ lórí ọgọ́rùn-ún náírà ní 2020. Ọṣẹ tí ó fi ń fọ aṣọ wa lè ti ru owó-orí kí ó tó dé ọwọ́ rẹ̀. Nítorí náà, ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba kì í ṣe ìtọrẹ àánú tí olówó ń ṣe fún tálákà. Owó tálákà wà níbẹ̀, ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni ó sì ń béèrè.

Èkejì, ọmọ tí ẹ pè ní ti ẹlòmíràn yẹn, ẹ kò lè sá fún un. Òun ni ẹ ó gbà sí ìsọ̀ láti máa ka owó. Òun ni yóò wa ọkọ̀ tí yóò kó ẹrù yín bọ̀ láti Èkó. Òun ni yóò ka ara ìgò oògùn fún yín ní ilé ìwòsàn. Bí kò bá sì rí iṣẹ́ kankan ṣe, òun kan náà ni yóò dúró ní ìkóríta nígbà tí ilẹ̀ bá ṣú. Àwọn àgbà ti sọ ọ́ tipẹ́ pé ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Wọn kò wí pé ọmọ tiwa nìkan. Nínú ìlú kan, ọmọ tí ẹnikẹ́ni kò kọ́ lè gbé ilé ẹnikẹ́ni tà.

Ìdájọ́ tiwa nìyí: bẹ́ẹ̀ ni, kí owó-ìlú pọ̀ sí i lórí ilé-ẹ̀kọ́ ìlú. Ní 2015, àwọn orílẹ̀-èdè tí ó pàdé ní Incheon ní Kòríà fẹnu kò pé ó yẹ kí ìjọba máa ná ó kéré tán ìdá mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sí ogún nínú ọgọ́rùn-ún ìnáwó rẹ̀ lórí ẹ̀kọ́, Nàìjíríà sì wà lára wọn. Kí á di ẹni tí ó ń mú ìlérí rẹ̀ ṣẹ. Ṣùgbọ́n a fi ohun mẹ́rin dè é, a kò sì fẹ́ kí á yọ ọ̀kan kúrò nínú rẹ̀.

Èkíní, kí ilé-ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan máa kọ mọ́ ara ògiri rẹ̀, ní èdè Yorùbá tí gbogbo òbí lè kà, iye owó tí ó wọlé ní sáà kọ̀ọ̀kan, ẹni tí ó fi í ránṣẹ́, àti ohun tí wọ́n fi ṣe. Bí kò bá sí owó, kí wọ́n kọ ọ́ pé kò sí.

Èkejì, kí olùkọ́ ṣíwájú ògiri. Kí á gba olùkọ́ tí ó kọ́ iṣẹ́ rẹ̀, kí owó oṣù rẹ̀ jẹ́ ohun tí a kọ́kọ́ yọ kí á tó fọwọ́ kan ìyókù, kí kíláàsì méjì má sì tún wà lọ́wọ́ ẹnì kan mọ́. Lẹ́yìn náà ni kí á tún páànù ṣe. A kò sọ pé kí páànù máa lu; ohun tí a ń sọ ni pé ilé tuntun tí kò ní olùkọ́, ilé àdán ni.

Ẹ̀kẹta, kí ẹgbẹ́ òbí àti olùkọ́ ní ẹnu ọ̀rọ̀ nínú bí a ó ti ná owó náà, kí obìnrin oníṣòwò sì wà nínú rẹ̀, nítorí pé kò sí ẹni tí ó mọ iye tí nǹkan jẹ́ lọ́jà bí tiwọn. Ẹni tí ó bá kọ sínú ìwé pé bẹ́ǹṣì kan gba iye owó ilé kan, àwọn ni yóò kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín rẹ̀. Àwọn agẹdú wa náà wà níbí. Ìlú tí ó ń la pákó tà fún àwọn ìlú mìíràn kò yẹ kí ó ní ọmọ tí ń jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ní ilé-ẹ̀kọ́.

Ẹ̀kẹrin, èyí sì kan àwa tí a yọ ọmọ wa kúrò: kí á má ṣe yọ ojú wa kúrò pẹ̀lú. Nígbà tí àwọn ọmọ akọ̀wé, ọmọ nọ́ọ̀sì àti ọmọ oníṣòwò wà ní ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba, bàbá wọn a máa lọ síbẹ̀ láti fi ẹjọ́ sùn. Ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ a sì máa bẹ̀rù. Lónìí, àwọn tí ẹnu wọn tó ọ̀rọ̀ ti kó ọmọ wọn lọ, àwọn tí ó kù kò sì mọ ẹni tí wọn yóò bá sọ ọ́. Owó nìkan kọ́ ni ilé-ẹ̀kọ́ náà pàdánù, ó pàdánù agbẹjọ́rò rẹ̀.

A kò mọ̀ bóyá ọ̀rọ̀ wa yìí yóò tẹ́ ìyá aláṣọ lọ́rùn. A ó padà lọ sí ìsọ̀ rẹ̀ ní ọjọ́ ọjà tí ó ń bọ̀, a ó sì kà á fún un. Ohun tí a mọ̀ ni pé òjò mìíràn ń bọ̀. Bí ó bá tún bá wa ní ibi tí èyí tí ó kọjá bá wa, olùkọ́ náà yóò tún kígbe títí ohùn rẹ̀ yóò fi há, àwọn ọmọ yóò tún gbé bẹ́ǹṣì wọn lọ sí apá kejì. Kí ẹnikẹ́ni nínú wa má ṣe wí nígbà náà pé òun kò gbọ́.